Ẹ Bi Màmá Nọ́ọ̀sì: Ẹ Ka Àwọn Tí Kò Wá

Ìbéèrè: Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Òkèlele, Ìlọrin. Lóṣooṣù, ní àárọ̀ Sátidé, a máa ń gbé ẹ̀rọ ìfúnpá àti ti ìtọ̀ ṣúgà síwájú ilé alága wa. Ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn Alhaji tó ní mọ́tò nìkan la máa ń rí. Àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò, àwọn ọlọ́kadà àti àwọn ẹlẹ́hàá kì í yọjú. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ń sọ pé àwọn tálákà ò ka ìlera sí. Kí la lè ṣe?

Ìdáhùn: Akọ̀wé, ọmọ mi, ẹ kú akitiyan. Ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ń wí bẹ́ẹ̀ pé kí wọ́n má wí i mọ́. Mo ṣe nọ́ọ̀sì àdúgbò ní Òmù-Àrán àti Ọ̀fà kí n tó fẹ̀yìn tì sí Ìlọrin níbí, mi ò sì tíì pàdé ìyá tí kò fẹ́ kí ara òun le. Èyí tí mo ń bá pàdé ni ìyá tí kò lè fi iṣẹ́ òòjọ́ sílẹ̀. Ní àárọ̀ Sátidé tí ẹ̀ ń tẹ́ tábìlì yẹn, ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Dáda ti po amọ̀ sílẹ̀. Bí amọ̀ bá gbẹ, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọlọ́kadà ní owó tó gbọ́dọ̀ kó fún ẹni tó ni ọ̀kadà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹlẹ́hàá ńkọ́? Ta ni yóò ká apá aṣọ rẹ̀ sókè ní gbangba, níwájú àwọn ọ̀dọ́kùnrin? Àwọn tí ara wọn nílò ẹ̀rọ yín jù ni ẹ fi àyè àti àkókò yín ti ilẹ̀kùn mọ́. Ẹni tó lórí kò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà kò lórí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ dá tábìlì yẹn dúró fún oṣù kan. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, ẹ kí àwọn Magaji tó jẹ́ olórí agboolé, kí ẹ sì máa wọ agboolé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn. Agboolé kan, ojú ewé kan. Àgbàlagbà mélòó ló wà níbẹ̀? Ta ni wọ́n ti wọn ìfúnpá rẹ̀ rí? Ta ló lóyún, ṣé ó ti ń lọ síbi ìtọ́jú aláboyún? Omi wo ni wọ́n ń mu? Ẹ má ṣe dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ẹ sá máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá padà délé, ẹ máa rí i pé ẹ ti mọ orúkọ àwọn tó ń wá, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ orúkọ àwọn tí kò wá. Àwọn ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ yín.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá gbé ẹ̀rọ lọ bá wọn. Àwọn ìyá Dáda ni kí ẹ bi léèrè ìgbà tí ọwọ́ wọn máa ń dilẹ̀. Àwọn obìnrin àsàlátù máa ń pé jọ láàárọ̀ Sọ́ńdè, bí ẹ bá sì bẹ aláàfáà wọn, yóò bá yín sọ̀rọ̀. Àwọn ọlọ́kadà wà ní ibùdókọ̀ wọn. Ní ti àwọn ẹlẹ́hàá, obìnrin ni kó wọlé tọ̀ wọ́n, kó tilẹ̀kùn, kó fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí bí ẹ ṣe ń wọn ìfúnpá díẹ̀, nítorí mo ti rí ohun tó pọ̀. Ọlọ́kadà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ẹ má ṣe dì í lápá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kó tọ̀, kó jókòó, kó fẹ̀yìn ti nǹkan, kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 5. Apá rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì, ní ìwọ̀n ibi tí ọkàn rẹ̀ wà, kí ẹ má sì wé aṣọ ẹ̀rọ náà mọ́ orí agbádá. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, ẹ ní kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn kí ẹ tó pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Tẹ́ ẹ bá wá rí i pé ó ní i ńkọ́? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti gba agbára. Kí ènìyàn mọ̀ pé òun ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má sì rí oògùn rà, ìbànújẹ́ lásán lẹ kó fún un. Níbí ní Kwara náà ni wọ́n ti ṣe ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2014. Ní Àfọ̀n, níbi tí wọ́n ti fún àwọn ará ìlú ní adójútòfò ìlera olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n sì tún ilé ìwòsàn ṣe, ìfúnpá òkè àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru fi nǹkan bíi 10 wálẹ̀. Ní Àjàṣẹ́-Ìpo tí kò ní ètò náà, bíi 5 ni. Oògùn àti ilé ìwòsàn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, ẹ lọ bá sẹ́ńtà ìlera wọ́ọ̀dù yín àti ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan, ó sì ya owó kan sọ́tọ̀ fún àwọn tí kò lè san. Ẹ béèrè bí orúkọ ṣe ń wọ ìwé àwọn tí owó náà wà fún, kí ẹ sì mú ìwé agboolé yín dání lọ.

Mo tún fẹ́ kí ẹ wo ìdáhùn wọn sí ìbéèrè omi yẹn dáadáa. Ní ọdún 2017, láàárín oṣù Karùn-ún sí ìparí oṣù Kẹfà, wọ́n kọ orúkọ ẹni 1,558 tí wọ́n fura sí pé ó ní onígbáméjì sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí, ẹni 11 sì kú. Àwọn 450 nínú wọn wá láti Ìlọrin East, ìjọba ìbílẹ̀ yín. Onígbáméjì kì í wá inú ilé tó ní bọ̀hóólù tó bẹ́ẹ̀. Kànga tí kò ní ìdérí, tí ṣáláńgá sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ló máa ń bá. Bí àwọn agboolé bá sọ fún yín pé omi ló ń dun àwọn, ẹ má ṣe sọ pé ìfúnpá lẹ bá wá. Ẹ fi owó tábìlì tẹ́ ẹ dá dúró ra ìdérí kànga.

Ìbéèrè: Ìyá Nọ́ọ̀sì, ṣé ó burú bí ẹgbẹ́ àwa obìnrin ní Ọ̀fà bá ń gba ₦200 lọ́wọ́ ẹni tó bá wá yẹ ṣúgà wò? Owó ọ̀pá àyẹ̀wò ti wọ́n jù.

Ìdáhùn: Ìyá Ẹgbẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á. Ẹni tí ₦200 kò jọ lójú ló lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò níbòmíràn. Ẹ tọ ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú àti àwọn oníṣọ́ọ̀bù oògùn lọ. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tí ẹ fi ń gún ìka, tuntun ni fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, ẹ ò sì gbọdọ̀ fi gún ẹlòmíràn. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ tó ra aṣọ ẹgbẹ́.