Kí ni ìdánwò Bechdel, ṣé fíìmù ìjà orogún lè yege níbẹ̀?

Ìbéèrè mẹ́ta ni ìdánwò Bechdel, fíìmù ìjà orogún náà sì lè yege: ṣé obìnrin inú fíìmù tó méjì, ó kéré tán? Ṣé wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀? Ṣé wọ́n sọ ohun mìíràn yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ọkùnrin? Inú àwòrán-ẹ̀fẹ̀ tí Alison Bechdel yà ní Amẹ́ríkà ní 1985 ló ti jáde. Òun fúnra rẹ̀ ní ọ̀rẹ́ òun, Liz Wallace, ló mú àbá náà wá.

Kì í ṣe pípọ̀ obìnrin ló ń mú fíìmù yege. Bí ìyálé àtìyàwó bá fi wákàtí méjì bú ara wọn nítorí yàrá tí baálé máa sùn, òfo ni. Bí wọ́n bá jókòó sí ìsọ̀ ní ọjà Akẹ̀sán, l'Ọ́yọ̀ọ́, tí wọ́n ń ṣírò èrè orí ẹlùbọ́, ó ti yege, ìbáà jẹ́ ìṣẹ́jú kan péré.

Yíyege kò sọ fíìmù di dáadáa o. Èyí tí akíkanjú obìnrin kan ṣoṣo dá gbé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin á fìdí rẹmi. Àwọn kan tún ní àwọn obìnrin náà gbọ́dọ̀ lórúkọ, kì í ṣe “ìyá oníṣu” lásán.