Ibi ọmọ ti lẹ̀ mọ́ ojú àpá abẹ, ṣé dandan ni kí wọ́n yọ ilé ọmọ mi?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Oyún mi ti pé oṣù méje, abẹ ni mo fi bí àwọn méjì tó ṣáájú. Mo lọ ṣe sikáànù, wọ́n ní ibi ọmọ ti bo ẹnu ilé ọmọ, ó sì jọ pé ó ti wọnú ojú àpá. Dókítà ní àfàìmọ̀ káwọn má yọ ilé ọmọ. Ìyá ọkọ mi ní ká lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí àwọn, wọn kì í lani nínú níbẹ̀. Ẹ gbà mí o, ọmọ ọdún 31 péré ni mí. — Ìyá ọmọ méjì, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ti agbẹ̀bí yẹn, ẹ má dán an wò rárá, torí ibi ọmọ ti dí ọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ ló máa ṣáájú ọmọ jáde. Dókítà yín ò ṣàsọdùn: ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2006 fi hàn pé nínú àwọn tọ́rọ̀ wọn rí bíi tiyín, tí wọ́n ti fi abẹ bímọ lẹ́ẹ̀mejì, bíi 40 nínú 100 ni ibi ọmọ wọn lẹ̀ pinpin.

Fífà ẹ̀ gan-an lewu. Tóyún bá ti gbó, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ilé ọmọ kọjá ní ìṣẹ́jú kan ju ìdajì lítà lọ, ẹni tó bá fi tipátipá fa ibi ọmọ tó ti lẹ̀ ti ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ nìyẹn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń la ilé ọmọ lókè, níbi tí ibi ọmọ ò dé, wọ́n á gbé ọmọ jáde, wọ́n á so ìwọ́, wọn ò ní fọwọ́ kan ibi ọmọ, òun àti ilé ọmọ ni wọ́n á jọ yọ pọ̀.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà o. Ní ọsibítù St George's ní London, wọ́n ń ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Triple-P: wọ́n á fi bàlóònù kékeré dí iṣan ẹ̀jẹ̀, wọ́n á gé ibi tó lẹ̀ yẹn nìkan kúrò lára ilé ọmọ, wọ́n á sì rán ìyókù. Níbi tí kò bá sí bàlóònù, àwọn mìíràn máa ń so iṣan ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún. Tí ibi ọmọ bá ti wọ àpò ìtọ̀ ṣá, ọ̀rọ̀ le díẹ̀ nìyẹn.

Ẹ má dúró de ìrọbí, ọ̀sẹ̀ 34 sí 36 ni wọ́n sábà máa ń dá fún un. Ọsibítù ńlá tó ní ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, kí Dádì wọn àtàwọn àbúrò yín ti lọ fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì rí ẹ̀jẹ̀ kán péré, ẹ gbéra lóru. Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ bímọ, ẹ sọ fún dókítà kẹ́ ẹ tó sáìnì. Ẹ mú Màmá dání lọ, kí wọ́n fi sikáànù yẹn hàn wọ́n fúnra wọn.