Aǹtí, jẹjẹrẹ ọkọ mi tún ti padà dé, kí ni kí n máa sọ fún wọn?

Àbúrò mi kan ló kọ̀wé láti Ìjẹ̀bú-Òde, ó ń tajà ní Òkè-Àje, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì lọkọ ẹ̀. Ó ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n rí multiple myeloma lára ọkọ òun, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn, wọ́n gba kẹ́mò, oògùn jẹjẹrẹ, ní ọsibítù UCH n'Íbàdàn, ara sì yá, àfi bó ṣe di oṣù tó kọjá tí ẹ̀yìn tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, tí dókítà sì ní ó ti padà. Ó ní gbogbo ìgbà tóun bá ti ní "Daddy, kò ní burú, ẹ ṣẹ́gun ẹ̀ nígbà yẹn, ẹ máa tún ṣẹ́gun ẹ̀," ńṣe ni wọ́n ń kọjú sí ògiri, lọ́jọ́ kan wọ́n jágbe mọ́ òun pé kóun yé bá àwọn sọ̀rọ̀ bí ọmọdé. Àwọn àbúrò ọkọ ní kí wọ́n pa ọsibítù tì, àgbo ló kù. Nígbà tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí ọkọ ẹ̀, sì ń dá owó aṣọ Ojúde Ọba, òun rọra pe olórí ẹgbẹ́ pé kó yọ orúkọ wọn kúrò, ọkọ ò mọ̀. Ó ní kí lòun máa sọ báyìí?

Àbúrò mi, o kú ìtọ́jú, o kú àìsùn, Ọlọ́run á bá wa wò wọ́n sàn.

Ká má tan ara wa, kò sí ọ̀rọ̀ tó o máa sọ tó máa lé àìsàn yẹn lọ. Ohun tó sì ń bí ọkọ ẹ nínú kì í ṣe pé ò ń sọ̀rọ̀, gbogbo yín lẹ ti gba ọ̀rọ̀ ara wọn mọ́ wọn lọ́wọ́, ìwọ ń fi ìtùnú dí wọn lẹ́nu, àwọn àbúrò wọn ń pín àgbo, kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé kí làwọn fẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́, wọn ò mọ ohun tó ń bọ̀. Nísìnyí wọ́n mọ̀ ọ́n látorí dé ìdí, abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní bortezomib, tí wọ́n ń gún sábẹ́ awọ ikùn, ẹsẹ̀ tó ń kú títí kéèyàn máà mọ̀ pé bàtà ti bọ́, oògùn dexamethasone tó ń lé oorun lọ tó sì ń jẹ́ kéèyàn tètè bínú. Torí ẹ̀, bó o bá ní ẹ máa tún ṣẹ́gun ẹ̀, gbogbo ìyẹn ló ń padà wá sí wọn lọ́kàn.

Gbólóhùn kan wà tí mo fẹ́ kó o sọ fún wọn sha, sọ ọ́ kedere: "Daddy, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ fà á." Inú mùdùnmúdùn eegun ni myeloma ń gbé, bí tẹ́ẹ̀sì tiẹ̀ ní ó ti lọ, díẹ̀ sábà máa ń ṣẹ́kù tí ojú ò rí, àwọn dókítà mọ̀ pé ó sábà máa ń padà. Kì í ṣe oúnjẹ tí wọ́n jẹ, kì í ṣe pé àdúrà wọn ò tó. Pé ó padà kò sì ní kí oògùn tán, wọ́n lè yí i padà, wọ́n lè pa oògùn kan tó ń jẹ́ lenalidomide pọ̀ mọ́ òmíì, ó dúró lórí ohun tí wọ́n ti lò rí, bó ṣe pẹ́ tó tí ara wọn fi yá kó tó padà àti bí kíndìnrín wọn ṣe wà. Ọkọ ẹ ni kó béèrè gbogbo ìyẹn lọ́wọ́ dókítà, ìwọ bá wọn mú ìwé dání.

Nílé, bi wọ́n pé "Daddy, èwo ló wúwo jù lọ́kàn yín lónìí?" kó o wá panu mọ́. Bí wọn ò bá fèsì, jókòó síbẹ̀ bó o ṣe ń ṣa ẹ̀wà ẹ. Bí wọ́n bá ní ó ti sú àwọn, jọ̀ọ́ má pariwo Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, béèrè ohun tó sú wọn. Ṣé ìrora ni? Ìrora eegun lóògùn, nígbà mìíì wọ́n lè fi rediéṣọ̀n, ìtànṣán tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ, jó ojú ibẹ̀ kó rọlẹ̀. Ṣé owó ni? Àwọn sóṣà wọ́kà wà ní ọsibítù ńlá bíi UCH, ẹ lọ rí wọn. Ó lè jẹ́ abẹ́rẹ́ gan-an ni wọn ò fẹ́ mọ́, ìyẹn náà ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà lẹ́tọ̀ọ́ láti bá dókítà ẹ̀ sọ ni, kó o wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn ló dùn mí jù. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ẹ́, o mọ ohun tí ọjọ́ kẹta Iléyá jẹ́ fún ọkùnrin tó ti ń bá ẹgbẹ́ ẹ̀ wọ aṣọ kan náà látìgbà ọ̀dọ́. Yíyọ tó o yọ orúkọ wọn, bí ẹni pé wọ́n ti kú ló rí. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ lo fi ṣe é. Sọ fún wọn kí wọ́n tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì, bẹ̀ wọ́n, kó o sì bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì fẹ́ rán an. Bóyá wọ́n máa lè lọ sáàárín èrò lọ́jọ́ náà, dókítà ló máa wo ẹ̀jẹ̀ wọn kó tó sọ. Aṣọ lọ́tọ̀, ìjáde lọ́tọ̀.

Àgbo ńkọ́? Mi ò fara mọ́ ọn, àìsàn yẹn fúnra ẹ̀ máa ń ba kíndìnrín jẹ́, àgbo tá ò mọ ohun tó wà níbẹ̀ lè bá a ba kíndìnrín ọ̀hún jẹ́ tán. Ibuprofen àti diclofenac tẹ́ ẹ̀ ń rà ní kẹ́míìsì náà, ẹ fi sílẹ̀ àfi tí dókítà bá ní kí wọ́n lò ó. Bí ara wọn bá gbóná dé 38°C lásìkò kẹ́mò, tàbí ẹsẹ̀ méjèèjì ṣàdédé rọ, tàbí tí ìtọ̀ ò jáde, tàbí tí òùngbẹ ń gbẹ wọ́n tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì ń dàrú, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́, Ṣágámù ló sún mọ́ yín, tíṣìn ọsibítù wà níbẹ̀, ẹ gbé wọn lọ kẹ́ ẹ sì máa pe UCH lójú ọ̀nà.

Ìwọ náà, sunkún bí ẹkún bá ń gbọ̀n ẹ́, kódà kó jẹ́ lójú wọn, kò sí ohun tó burú ńbẹ̀. Àwọn àbúrò ọkọ ẹ tó fẹ́ ṣèrànwọ́, iṣẹ́ wà fún wọn, kí wọ́n lọ fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní bùlọ́ọ̀dì báǹkì torí wọ́n lè nílò ẹ̀, kẹ́nì kan nínú wọn sì máa wá jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ ọjà, kíwọ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ẹ.