Aṣọ fíìmù tí ń tàn: báwo ni a ṣe lè so iná mọ́ ọn láìsí ewu?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 16, fẹ́ wọ aṣọ dúdú tí ìlà iná búlúù wà lára rẹ̀, irú èyí tí wọ́n wọ̀ nínú fíìmù Tron, lọ sí Lagos Comic Con, àjọ̀dún àwọn olólùfẹ́ ìwé àwòrán àti fíìmù. A ra iná LED onítẹ́ẹ̀pù, mítà 5, oní-fóltì 5, tí gílóòbù 60 wà lórí mítà kọ̀ọ̀kan, a sì so ó mọ́ power bank tí a fi ń ṣáájì fóònù. Nígbà tí a tàn án ní funfun, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ funfun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ ń pọ́n, power bank náà gbóná, ó sì kú. Ẹnì kan ní kí a lo iná POP inú pálọ̀ dípò rẹ̀, ẹlòmíràn ní kí a yọ bátìrì inú láptọ́ọ̀pù àtijọ́. Èwo ni kí a ṣe?

Ìdáhùn

Ẹ má ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Púpọ̀ nínú iná tí wọ́n ń tẹ́ sínú POP ni wọ́n ṣe fún iná NEPA tààrà, fóltì 220, èyí tí ó lè pa ènìyàn tí òógùn bo ara rẹ̀. Ẹyọ bátìrì tí a bá tú yọ nínú ike bátìrì láptọ́ọ̀pù náà ti já kúrò lára pátákó kékeré tí ń dáàbò bò ó, nítorí náà, bí wáyà rẹ̀ méjèèjì bá fara kanra, kò sí ohun tí yóò dá iná dúró kí ó tó gbiná, aṣọ ni yóò sì kọ́kọ́ ràn mọ́. Tẹ́ẹ̀pù oní-fóltì 5 tí ẹ rà ni ó yẹ fún ara ọmọ. Ìṣirò agbára iná ni ó kù, òun ni ó sì yẹ kí ó ṣáájú rírán aṣọ.

Gílóòbù kọ̀ọ̀kan lórí tẹ́ẹ̀pù yín ní iná mẹ́ta nínú, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè fa bíi mílíáǹpù 20 bí ó bá tàn dé òpin. Funfun ń tan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó di mílíáǹpù 60 fún gílóòbù kan. Gílóòbù 300 ni ó wà lórí mítà 5, wọ́n sì lè béèrè tó áǹpù 18 lọ́wọ́ power bank tí agbára rẹ̀ kì í sábà ju áǹpù 2 tàbí 3 lọ. Ìdí nìyẹn tí ó fi gbóná tí ó sì pa ara rẹ̀. Ní ti ìparí tí ń pọ́n, bàbà inú tẹ́ẹ̀pù fẹ́lẹ́ gan-an, nítorí náà fóltì ń dín kù bí iná ṣe ń rìn jìnnà. Iná pupa lè tàn pẹ̀lú nǹkan bíi fóltì 2, ṣùgbọ́n búlúù àti àwọ̀ ewé nílò nǹkan bíi 3. Àwọn méjèèjì wọ̀nyí ni ó kọ́kọ́ ń rẹ̀, pupa nìkan ni yóò sì hàn.

Aṣọ yín kò nílò mítà 5 rárá. Fún àyà, ẹ̀yìn, apá méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì, mítà 3 tó, ìyẹn gílóòbù 180. Àwọ̀ búlúù tó mọ́ féfé ti inú fíìmù náà ń tan búlúù àti àwọ̀ ewé nìkan, mílíáǹpù 40, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ áǹpù 7.2. Bí ẹ bá wá dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù sí ìdá kan nínú mẹ́fà, yóò wálẹ̀ sí áǹpù 1.2. Power bank tí wọ́n kọ 10,000 mAh sí lára, tí ó ṣì dára, lè gbé èyí fún nǹkan bíi wákàtí márùn-ún. Ẹ má rò pé ìdá kan nínú mẹ́fà kéré, nítorí nínú gbọ̀ngàn ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí kọntírólà yín, pátákó kékeré tí ń darí àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ̀pù, bá ń lo WLED, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń darí irú iná yìí, ẹ lè kọ mílíáǹpù 1,500 sí i gẹ́gẹ́ bí òpin, kò sì ní jẹ́ kí iná kọjá ibẹ̀ bí ọmọ tilẹ̀ yí àwọ̀ padà.

Mo rọ ọmọ yín pé kí ó má fi àwòrán fíìmù díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ aṣọ rẹ̀. Nínú ti ọdún 1982, aṣọ náà kò tàn rárá: aṣọ funfun tí a fa ìlà dúdú sí ni àwọn òṣèré wọ̀, a ya wọ́n ní dúdú àti funfun, lẹ́yìn náà ni a fi ìmọ́lẹ̀ kún àwòrán náà. Inú fíìmù ti ọdún 2010 ni iná ti wà lára aṣọ fúnra rẹ̀.

Ní ti sísopọ̀, ẹ fi wáyà méjì tó nípọn, tí irun bàbà kéékèèké pọ̀ nínú rẹ̀, gbé iná láti ìbàdí lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ apá àti ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí iná má baà gba inú tẹ́ẹ̀pù kan ṣoṣo lọ yí gbogbo ara ká. Ẹ wo ọfà tí a tẹ̀ sórí tẹ́ẹ̀pù, nítorí ìhà tí ó kọ sí nìkan ni àṣẹ kọntírólà ń gbà. Ẹ fi fíùsì áǹpù 3 sí ojú wáyà pupa, nítòsí power bank gan-an.

Orí ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún ni irú aṣọ yìí ti máa ń bàjẹ́, nítorí tẹ́ẹ̀pù kò fẹ́ kí a máa ká a. Ẹ gé e lórí ìlà tí wọ́n fà fún gígé, ní òkè oríkèé àti ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi lẹ́ẹ̀dì (òjé tí àwọn tí ń tún rédíò ṣe fi ń lẹ wáyà, kì í ṣe iná LED) jó wáyà rírọ̀ mẹ́ta sí àárín, kí wáyà náà sì gùn díẹ̀ ju àlàfo lọ, kí ó lè yọ̀ǹda bí ọmọ bá ká apá. Ẹ bo ojú lẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú rọ́bà tí ń fún mọ́ wáyà bí ooru bá kàn án, nítorí tépù dúdú lásán máa ń ṣí bí òógùn bá dé ibẹ̀.

Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún tẹ́ẹ̀pù. Kí aránṣọ rán ọ̀nà tóóró láti inú aṣọ funfun fẹ́lẹ́, bí èyí tí okùn ṣòkòtò ń gbà, kí tẹ́ẹ̀pù lè wọlé kí ó sì jáde nígbà tí ẹ bá fẹ́ fọ aṣọ. Bí ẹ bá rí i pé gílóòbù ń hàn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi fóòmù sílípáàsì tí a gé tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí aṣọ funfun náà lè jìnnà sí gílóòbù tó sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀. Ààyè àárín gílóòbù sí gílóòbù kò ju ìyẹn lọ púpọ̀, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ wọn yóò pàdé, yóò sì di ìlà kan.

Power bank kò gbọdọ̀ wà nínú aṣọ tó fún mọ́ ara. Àpò ìbàdí, lóde, ni àyè rẹ̀, níbi tí ọmọ ti lè fà á já kíá bí ó bá gbóná. Ẹ má lo èyí tí ó kú lọ́jọ́ náà bí ara rẹ̀ bá ti wú, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ wọ aṣọ náà nígbà tí ẹ bá ń ṣáájì rẹ̀.

Kí ọmọ tó wọ̀ ọ́, ẹ tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì, ẹ tàn án fún wákàtí kan, kí ẹ máa fi ọwọ́ kan gbogbo ojú lẹ́ẹ̀dì àti wáyà. Ibi tí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n ibi tí ó bá gbóná débi pé ọwọ́ kò lè dúró lé e, ẹ pa á, ẹ tú u, kí ẹ tún un jó.