Ìbàdàn Lo Mọ̀, O Ò Mọ Láyípo

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Aránṣọ ni mí ní Agége, láti ọdún 2014 ni mo ti ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni lánlọ́ọ̀dù ti fi owó lé owó ilé wa láàárín ọdún méjì, ọkọ mi sì ní ó tó gẹ́ẹ́, ká kó kúrò l'Ékòó. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló ń lọ síbi iṣẹ́ n'Íkẹjà. Ìlú mẹ́ta la ń rò: Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ilọ́rin. Ìbàdàn ló wù mí jù, torí àbúrò mi ní ilé ò wọ́n níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mà, èwo ni ká mú?
Ìyá Ìbejì, Agége

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ọmọ mi, mo kí ọ, mo kí àwọn èjìrẹ́. Kí n tó dá ìlú kankan lẹ́jọ́, jẹ́ n jẹ́wọ́ ohun tójú mi rí.

Oṣù karùn-ún ọdún 2011 ni mo kó láti Mushin wá sí Ìbàdàn. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fi wá ilé. Oòrùn ń ràn lọ́jọ́ náà, ẹ́jẹ́ǹtì sì mú mi lọ sí ilé kan nísàlẹ̀ Apẹ̀tẹ̀: yàrá méjì àti pálọ̀, ọ̀dà tuntun ṣì ń rùn lára ògiri. Odò tíńtín kan ń ṣàn lẹ́yìnkùlé. Mo tún ń yọ̀ pé atẹ́gùn á máa fẹ́ sí wa. Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún yẹn, òjò dé. Ẹni tó bá wà n'Íbàdàn lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn mọ èyí tí mo ń wí. Afárá Apẹ̀tẹ̀ já, àwa tó wà lódìkejì ò rí ọ̀nà wọ ìgboro, omi sì dé orókùn mi nínú pálọ̀. Báálì aṣọ mẹ́ta tí mo fẹ́ tà ní Gbági ló mu omi yó. Nígbà tí omi fà, ọ̀dà bó lára ògiri, ni mo bá rí àpá omi àtijọ́ lábẹ́ rẹ̀, ó nà gbọọrọ yí ilé ká. Mo pe lánlọ́ọ̀dù. Ó ní, "Màmá, kì í kúkú wá lọ́dọọdún."

Kò tiẹ̀ ya àwọn àgbà àdúgbò lẹ́nu. Wọ́n ní ṣé mi ò gbọ́ nípa Omíyalé ni, nígbà tí Ògùnpa ya wọ ilé àwọn èèyàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980? Mo gbọ́. Mo kàn rò pé Ògùnpa nìkan lodò tó wà n'Íbàdàn ni.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ fi ń kọ mí lóminú. Ilé ò wọ́n, níbo? Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló wà n'Íbàdàn yìí o. Ilé tí ò wọ́n lè wà létí odò, ó sì lè wà níbi tí o máa wọ máíkírà méjì àti ọ̀kadà kan kí o tó rí ẹni tó ń ta bọ́tìnnì. Kí o sì tó wọlé, wàá san owó ọdún kan, owó ẹ́jẹ́ǹtì, owó àgíríméǹtì, owó kọ́ṣọ̀n. Oríkì ìlú wa ní Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì, àmọ́ mi ò rò pé àwọn lánlọ́ọ̀dù gbọ́ oríkì yẹn rí.

Ilọ́rin dáa, ìlú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ láti Ilọ́rin sí Ìkẹjà? Ṣé o fẹ́ dá ọkọ rẹ di dírẹ́bà ni? Yọ ọ́ kúrò.

Ó ku méjì. Ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọdún 2021 ń gba Abẹ́òkúta kọjá wá sí Ìbàdàn, ó sì ń dúró l'Ágége. Ìyẹn dáa fún bàálé rẹ. Ohun tí wọn kì í sọ fún àlejò ni pé Mọ́níyà ni ìdíkọ̀ rẹ̀ n'Íbàdàn wà, lápá àríwá, lókè Òjòó. Bí o bá lọ gbalé sí Challenge torí pé ó gbayì, ọkọ rẹ á la gbogbo ìlú já kó tó dé ibi tí á ti wọkọ̀, ọkọ̀ ojú irin kì í sì í ṣe dáńfó tó máa ní òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Tó bá jẹ́ ojú títì ló fẹ́ máa gbà, ìgbà yẹn ni Challenge wúlò, torí ó sún mọ́ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó. Kí o mọ ọ̀nà tí yóò máa gbà ná, kí o tó mọ ilé.

Ti ìwọ gan-an ńkọ́? Oníbàárà ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ò ní tẹ̀ lé ọ wá. Aránṣọ pọ̀ lójú pópó wa ju ẹlẹ́kọ lọ, iye tí o ń gbà lórí bùbá àti ìró l'Ágége, wọ́n á ná an títí á fi dà bí ẹ̀bùn. Ohun tí a ní ni òde àríyá: aṣọ ẹbí ò tán níbí, aṣọ òkè wà lọ́jà Ọjẹ́, aṣọ mìíràn wà ní Gbági lọ́dọ̀ wa. Tó bá jẹ́ àdìrẹ lo fẹ́ràn àtimáa rán, Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta lo máa lọ. Mo rọra ń sọ ọ́ ni o, kí àwọn ará ilé mi má gbọ́. Béèrè iná náà. Àdúgbò tó wà ní Báǹdì A, wákàtí 20 ló yẹ kó máa rí lójúmọ́, ṣùgbọ́n láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni owó tiwọn ti fò sókè, áyọ́ọ̀nù rẹ ò sì ní mọ̀ pé owó ń lọ.

Ìdáhùn mi rè é. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ lóòótọ́, Abẹ́òkúta ni kẹ́ ẹ mú. Ó sún mọ́ Èkó ju wa lọ, ara ọkọ rẹ kì í ṣe irin. Tí ọ̀gá rẹ̀ bá lè gbà kó di ẹ̀ẹ̀kan, máa bọ̀ n'Íbàdàn, kí o wálé sí apá Òjòó tàbí Mọ́níyà.

Má wá lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn. Oṣù kẹsàn-án ni kí o wá, lọ́jọ́ kejì òjò ńlá, kí o sì padà wá ní oṣù kẹta wo inú kànga, bóyá omi ṣì kù níbẹ̀. Fi ẹ́jẹ́ǹtì sílẹ̀ níta, bi ìyá alákàrà ìdojúkọ ilé náà pé ibo ni omi máa ń dé. Fi èékánná họ ọ̀dà ògiri wò. Bàtà tí kò ní dùn ọ́ tó bá bàjẹ́ ni kí o wọ̀ wá.