Ẹ yẹ cells yín wò kí ẹ tó tún ligation ṣe

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ẹ ti fi plasmid yín (òrùka DNA kékeré) sínú E. coli DH5α, bakitéríà inú láàbù, tí kólónì kankan ò hù, ẹ sì ti fẹ́ tún ligation (síso DNA pọ̀) ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń tún ligation ṣe kó tó hàn sí mi pé àwọn cells bakitéríà gan-an ló ti kú.

Iná lọ lópin ọ̀sẹ̀ kan, epo tán nínú jẹnẹrétọ̀, kò sì sẹ́nì kankan nítòsí. Gbogbo túùbù inú fírísà -80°C yọ́. Iná dé lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n tún dì. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ Ajé, wọ́n le gbagidi, kò sí ohun tí ojú lè fi dá a mọ̀. Bẹ́ẹ̀, competent cells (bakitéríà tí a ti pèsè láti gba DNA) tó bá yọ́ tó sì tún dì, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

pUC19, plasmid tó dájú tí a fi ń dán cells wò, ló tú àṣírí. Ẹ fi 1 ng rẹ̀ sínú túùbù kan, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí agar tó ní ampicillin, oògùn tó ń pa bakitéríà tí kò bá gba plasmid náà. Bí ibẹ̀ náà bá ṣófo, ligation yín ò tíì jẹ̀bi.

Cells tuntun ni mo máa ń ṣe báyìí. OD600 (ìwọ̀n bí omi bakitéríà ṣe ṣókùnkùn tó) 0.35 ni mo ti ń dá wọn dúró; bó bá kọjá 0.5, mo dà á nù, torí ìgbà tí wọ́n ń pín kíákíá ni wọ́n dára jù. Láti ibẹ̀ lọ, ohun gbogbo gbọ́dọ̀ tutù: túùbù, tips, CaCl2 (kálísíọ̀mù kílóráídì) 100 mM, títí kan rotor centrifuge. Ẹ má gbọ̀n wọ́n jìgìjìgì, ẹ rọra yí wọn lórí yìnyín. DNA ní charge òdì, ara bakitéríà náà ní in, wọ́n ń ti ara wọn sẹ́yìn. Kálísíọ̀mù ló ń là wọ́n níjà. Mo wá máa ń fi wọ́n sílẹ̀ nínú CaCl2 náà mọ́jú, nínú kúlà tí yìnyín kún. Dagert àti Ehrlich ti kọ ọ́ ní 1979 pé fífi wọ́n sílẹ̀ fún wákàtí bíi 24 ń mú kí wọ́n gba DNA ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́rin sí mẹ́fà. Kò sì béèrè iná rárá.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi DNA sí wọn lórí yìnyín, lẹ́yìn náà 42°C fún ìṣẹ́jú àáyá 45, kí ẹ fi aago wò ó. Ó di orí yìnyín, lẹ́yìn náà SOC (oúnjẹ olómi fún bakitéríà) fún wákàtí kan ní 37°C láìsí ampicillin, kí wọ́n lè kọ́kọ́ ṣe ohun tí wọn yóò fi dojú kọ ọ́.

Ẹ ka kólónì pUC19 yín kí ẹ sọ iye rẹ̀ fún mi, ká jọ wò ó.