Èsì: «Close to» ju ọ̀rọ̀ ibi tó wà nítòsí lọ

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ẹ mọ̀ pé «close to the market» ni ìtòsí ọjà, àmọ́ «close to tears» tẹ́ ẹ kà nínú lẹ́tà kan kò yé yín. Omi ti lé ròrò sójú ẹni náà ni, ó kù díẹ̀ kó bú sẹ́kún.

Tó bá jẹ́ iye, bíi «close to 200 people», wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pé igba. «She is close to her aunt» ńkọ́? Ilé wọn lè jìnnà síra gan-an o. Wọ́n mọwọ́ ara wọn ni, wọ́n ń finú han ara wọn.

Ibi tó ń dùn mí jù rèé, torí gbogbo ìgbà ni mò ń rí i nínú ìwé àwọn ọmọ tí mò ń kọ́: «I am close to finish.» Kò rí bẹ́ẹ̀! «To» yìí kì í ṣe ti «I want to finish». Ọ̀rọ̀ ìṣe tó bá tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ gba «-ing»: «I am close to finishing», mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ẹ ṣọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń pè é náà. Ìró «s» ló kẹ́yìn «close» yìí. Ti ká tilẹ̀kùn, «z» ni, ìró tí èdè wa kò ní, ìdí nìyẹn tí méjèèjì fi ń jọra lẹ́nu wa.